Awọ Kejì

Talcahuano, ìparí oṣù Kẹsàn-án. Òtútù ń bu ni jẹ.
Wọ́n fa Doña Zunilda gòkè sórí ilẹ̀ gbígbẹ,
ọkọ̀ apẹja tí ìgbín òkun lẹ̀ mọ́ nídìí,
ara rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó fi osùn para.
Kì í ṣe osùn.
Ìpáàrà ni, ọmọ tí omi iyọ̀ bí fún irin.

Eduvigis Ñancupil fi èékánná ha á.
Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́. Bàbá mi ti kùn ọ́ rí."
Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Yanrìn la kọ́kọ́ fi lù ú.
Afẹ́fẹ́ inú páìpù ń ké,
àwọn kìnnìún òkun létí èbúté ń dá a lóhùn.
Ọ̀dà àtijọ́ ń ṣí, ìpele lórí ìpele:
àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró,
funfun ọdún tí ọlọ́kọ̀ gbéyàwó,
títí a fi kan pupa òjé nísàlẹ̀ pátápátá,
iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀,
ẹni tó fa òjé símú fún ọgbọ̀n ọdún
tí ife tíì fi ń dà sí i láyà kó tó kan ẹnu.
Ọ̀dà yẹn dáàbò bo ọkọ̀.
Kò bo ẹni tó kùn ún.
Eduvigis dúró díẹ̀ níwájú pupa náà.
Ó fa ìbòmú mi le,
ó fa tirẹ̀ náà le,
ó wá gbé ẹnu páìpù sókè.

Irin ìhòòhò kì í ṣe ohun à ń sùn tì.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, afẹ́fẹ́ òkun á ti máa lá a.
A sáré fi síńkì kùn ún.
Mo bi í, èé ṣe tó fi jẹ́ síńkì?
Ó ní: òun ni ẹ̀gbọ́n tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Bí iyọ̀ bá já wọlé, á ní,
ẹ jẹ èmi ná, ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀.
Wọ́n á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di ìyẹ̀fun,
irin á sì wà lódidi lẹ́yìn rẹ̀.
Mo ní, "Irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n."
"Láàárín ènìyàn ni."

Ó ku ọ̀dà alágolo méjì,
èyí tó jẹ́ pé bí o bá ti pò ó, aago ti bẹ̀rẹ̀;
lọ jẹun, kí o padà wá bá òkúta nínú garawa.
Agolo ṣì wà ní dídé nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ dé,
Baldomero Oyarzún, fìlà lọ́wọ́:
òfin ti ṣílẹ̀kùn fún sàdíìnì,
ẹja kì í dúró de ọ̀dà.

Eduvigis tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára ọkọ̀. Ó tutù.
Atẹ́gùn àríwá ti gbé ìkùukùu wá lóru.
Ó ní, "Ó ń làágùn. A kì í kun ẹni tó ń làágùn."
Ó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó tan iná,
ó fi hàn wá níbi tí wọ́n ti jó irin pọ̀:
ojú ìpáàrà kan, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ.
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé.
"Bí mo bá fi ọ̀dà bo èyí, ọ̀gá,
mo dá aṣọ fún egbò ni.
Egbò á máa jẹun lábẹ́ aṣọ."

Ọ̀gá ṣépè. Ó ka owó tó máa sọnù lójú wa,
ó ka ọjọ́ mọ́ ọn, ó tutọ́, ó lọ.

Ọjọ́ kẹta ni oòrùn yọ. A ha ojú kékeré yẹn,
a tún síńkì kùn, a kùn ún lẹ́ẹ̀mejì lórí ìyẹn.
Doña Zunilda bọ́ sómi lẹ́yìn gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó yìn wá.
Ọ̀dà tó bá ṣiṣẹ́ ire,
ohun tí ojú ń rí ni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Ní ìdí ẹ̀rọ omi, Eduvigis ń fọwọ́.
Ó fọ̀ ọ́ tì.
Pupa díẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná kan.